Kí Ni Ó Ń Gé Orin Kúrú? Ọ̀rọ̀ lórí Karaoke àti Gígùn Orin

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n bí a bá tú u dé ìsàlẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ ìwà láàárín ẹgbẹ́ ni. Gígùn orin ni. Kí ni ó dé tí orin kan fi jẹ́ ìṣẹ́jú 3, tí òmíràn fi jẹ́ ìṣẹ́jú 8, tí òmíràn sì fi kún odidi ojú àwo kan? Ta ni ó sì yẹ kí ó ṣe ìpinnu náà: ẹni tí ó ń lùlù ni, ẹni tí ó ń kọrin ni, àbí ẹni tí ó ń sanwó? Kò sí ẹni tí ìbéèrè yìí kàn tó ẹni tí ó bá dìde láti yan orin tí yóò kọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe karaoke. Nítorí náà, ìtàn karaoke ni a ó fi ṣe òpó tí ọ̀rọ̀ wa yóò fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáànù ni karaoke. Òfìfo ni wọ́n ń pè ní kara. Oke sì jẹ́ àgékúrú okesutora, èyí tí í ṣe bí ahọ́n wọn ti ń pe orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún ẹgbẹ́ eléré ńlá tí ó kún fún oríṣiríṣi ohun èlò orin. Ẹgbẹ́ eléré òfìfo ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìlù ń dún, dùùrù ń dún, gìtá ń dún, ṣùgbọ́n àwọn tí ń lù wọ́n kò sí níbẹ̀, a sì ti yọ ohùn olórin gan-an kúrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọrin yóò yan èyí tí ó mọ̀, yóò dúró de ìgbà tirẹ̀, wọn yóò gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ orin yóò máa kọjá lójú ẹ̀rọ bíi ti amóhùnmáwòrán, òun náà yóò sì di olórin fún ìwọ̀nba ìgbà tí orin náà bá fi wà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní yóò dúró de ìgbà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn 15 bá pa owó pọ̀ láti gba yàrá karaoke fún wákàtí kan, tí orin olúkúlùkù sì jẹ́ ìṣẹ́jú 4, gbogbo wọn yóò kọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí yóò sì pé géérégé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá yan orin ìṣẹ́jú 8, àkókò yóò ti tán kí ẹni ìkẹyìn tó lanu. Ẹni tí ó yan orin gígùn náà kò jalè, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó ti kó ìgbà ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ìṣòro yìí kò sí, tàbí kí á kúkú sọ pé ọrùn ẹlòmíràn ni ó wà. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ta ni ó ti bi olórin ìbílẹ̀ rí pé ìṣẹ́jú mélòó ni orin rẹ? Ẹkún ìyàwó a máa gùn dé ibi tí iye ẹbí tí ọmọge ní láti dágbére fún bá gùn dé. Níbi ìjálá, ọ̀kan yóò sun tirẹ̀ títí, èkejì yóò fi ìbà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ojú àti etí ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ó tó. Ẹ wo òde àríyá jùjú. Ọ̀gá eléré kì í ka orin rẹ̀ sí ohun tí ó ní orí àti ìdí kan pàtó. Ó ń wo agbo. Bí olóòtú ìnáwó bá jó síwájú tí ó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, oríkì yóò máa gùn sí i, gángan yóò máa pe bàbá àti ìyá rẹ̀, gìtá yóò máa yí lórí ohun kan náà láìkánjú. Bí owó bá dáwọ́ dúró, eléré yóò ṣẹ́ orin sí ibòmíràn. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Jàpáànù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Àwọn onígìtá kan wà tí wọ́n ń ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn lóru. Nagashi ni wọ́n ń pè wọ́n. Oníbàárà tí orin bá ń yun lọ́fun yóò san owó fún wọn, wọn yóò sì lù fún un kí ó máa kọ. Ènìyàn ni ó ń lùlù fún un, ènìyàn sì lè fojú sọ́nà. Bí oníbàárà bá gbàgbé ẹsẹ kejì, gìtá lè fò ó kọjá pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá ń fà sẹ́yìn, gìtá lè fà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Bí ilé bá ti sú, onígìtá lè kásẹ̀ orin nílẹ̀ lọ́nà tí ojú kò fi ní í ti ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: ọwọ́ eléré ni gígùn orin wà.

Ohun mìíràn tún wà ní Jàpáànù tí ó ń gé orin, èyí kò sì ní ojú àánú tó nagashi. Ní oṣù January 1946, nígbà tí ogun ńlá kejì kò tíì parí ju oṣù mélòó kan lọ, ilé-iṣẹ́ rédíò NHK bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Nodo Jiman, èyí tí a lè túmọ̀ sí fífi ọ̀fun yangàn. Mẹ̀kúnnù lásán ni àwọn tí ń kọrin níbẹ̀. Agogo ni wọ́n sì wá ń fi dá wọn dúró. Bí ó bá jẹ́ agogo kan ni ó dún, ẹni náà kò yege, kí ó sọ̀ kalẹ̀; bí agogo bá dún lọ́pọ̀lọpọ̀ tẹ̀ lé ara wọn, ó yege. Ètò yìí ṣì wà lórí amóhùnmáwòrán wọn di òní. Ó ti pẹ́, nígbà náà, tí àwọn ará Jàpáànù ti mọ̀ pé bí gbogbo ènìyàn bá fẹ́ kọrin, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ fún ẹnì kan pé ó tó.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní Jàpáànù díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni owó ẹyọ ti kọ́kọ́ pàdé orin nínú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù November 1889, Louis Glass gbé ẹ̀rọ fonógíráàfù ti Edison kan sí ilé ọtí Palais Royale ní ìlú San Francisco. Ó de ihò owó mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ju kọ́bọ̀ wọn, sẹ́ǹtì 5, sí i yóò fi ọ̀pá kan sétí, yóò sì gbọ́ orin. Orí ọ̀pá oníhò tí a fi ìda ṣe ni wọ́n ń fín irú orin bẹ́ẹ̀ sí, kò sì lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 lọ. Nígbà tí àwo pẹlẹbẹ gbòde, tí àwo oníwọ̀n ìnṣì 10 dé ní 1901, tí ó ń yí po ní nǹkan bí ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 ni ojú rẹ̀ kan lè gbà. Kò sí olórin kan tí ó jókòó tí ó ní orin tó dára gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Fífẹ̀ àwo ni ó sọ bẹ́ẹ̀, owó ẹyọ sì fọwọ́ sí i, nítorí pé bí orin bá ti ń tètè parí ni ẹlòmíràn yóò ti tètè máa ju owó sí i.

Ọwọ́ ìdè yìí kan àwa náà. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta lọ sí London, ó sì kọ orin ìsìn Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú àwo. Ẹni tí ó mọ bí orin ti ń rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé ègbè a máa padà, a sì tún máa padà títí ara yóò fi yá gágá, yóò mọ irú ìkóra-ẹni-níjàánu tí ó gbà láti fi abẹ́rẹ́ giramafóònù ṣe olùdarí. Túndé King ṣe àwo jùjú ní 1936. Ìwọ̀nba ojú àwo kékeré kan náà ni ó rí lò. I. K. Dáíró pàápàá, tí òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá pẹ̀lú oyè M.B.E. ní 1963, orin kúkúrú inú àwo kékeré ni ó fi gbajúmọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lóde àríyá kò sí ẹni tí ó ń fi aago wọn ìlù rẹ̀.

Àwo ńlá tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948 ni ó já ìdè náà, nítorí pé ojú kan rẹ̀ lè gbà tó ìṣẹ́jú 20. Àwọn eléré wa mọ ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Láàárín 1970 sí 1980, Ebenezer Obey àti Sunny Adé a máa so orin pọ̀ mọ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo dé òpin rẹ̀ láìsí àlàfo, bí ìgbà tí a bá gbé òde àríyá sórí àwo. Fẹlá Aníkúlápó Kútì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin rẹ̀ Confusion, tí ó jáde ní 1975, gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ojú àwo méjèèjì ni ó sì gbà. Nígbà tí àwọn Òyìnbó wá gbé Sunny Adé jáde fún ayé ní 1982 nínú àwo Juju Music, orin 7 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tò sínú àwo kan ṣoṣo náà. Ẹ wo bí ọ̀bẹ ti tún padà! Èmi kò dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí pé àwo náà gbé orúkọ jùjú dé ibi tí kò dé rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí Sunny ṣe nílé yóò mọ̀ pé ohun kan ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí Jàpáànù. Ní 1967, Shigeichi Negishi, ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ẹ̀rọ téèpù fún ọkọ̀ ní Tokyo, fẹ́ràn orin kíkọ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì a máa fi ohùn rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní kí wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ ẹ̀rọ téèpù, kí òun lè máa kọrin lé ìlù inú rẹ̀ lórí. Ó sọ ẹ̀rọ náà ní Sparko Box, ó fi ihò owó yẹ́ǹ 100 sí i, ó sì gbé nǹkan bí 8,000 rẹ̀ káàkiri ilé ọtí àti ilé ìtura. Àwọn nagashi ni wọ́n kọ́kọ́ kígbe. Wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ ẹnu àwọn ni ẹ̀rọ náà fẹ́ gbà, wọ́n sì ń rọ àwọn onílé ọtí pé kí wọ́n lé e jáde. Negishi fi òwò náà sílẹ̀ ní 1975. Ní 2024 ni ó kú, ó sì ti pé ẹni 100 ọdún.

Ẹni tí ayé mọ̀ jù ú lọ ni Daisuke Inoue ti ìlú Kobe. Eléré ilé ọtí ni òun fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá nínú orin kíkà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń tẹ̀ lé oníbàárà tí ohùn rẹ̀ kò tọ́. Oníbàárà rẹ̀ kan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, fẹ́ rìnrìn àjò pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí Inoue bá òun lọ láti máa lùlù fún òun. Inoue kò ráyè. Ó lu àwọn orin náà sínú téèpù ní ìwọ̀n ohùn tí ọ̀gá náà lè gbé, ó sì fi téèpù náà rán an lọ. Inú ọ̀gá náà dùn. Láti ibẹ̀ ni Inoue ti rí i pé a lè ta ìlù láìjẹ́ pé onílù wà níbẹ̀. Ní 1971, ó ṣe ẹ̀rọ 11, ó pè é ní 8 Juke, ó sì háyà wọn fún àwọn ilé ọtí ní Kobe. Kò gba ìwé àṣẹ kankan tí yóò fi gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣe irú rẹ̀. Ní 2004, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Ig Nobel, ẹ̀bùn tí a ń fi pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí a tó mú wọn ronú. Wọ́n ní ó ti kọ́ aráyé ní ọ̀nà tuntun láti máa fara da ara wọn.

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ Inoue yí padà. Oníbàárà ń ju yẹ́ǹ 100 sínú rẹ̀, iye ìṣẹ́jú kan pàtó sì ni owó náà rà. Nígbà tí owó bá wà níwájú orí eléré jùjú, owó ń mú orin gùn. Nígbà tí owó bá wọ inú ihò ẹ̀rọ, owó ń sọ ibi tí orin yóò dúró. Téèpù inú ẹ̀rọ náà sì jẹ́ èyí tí ó ń yí po lọ́nà kan ṣoṣo, kì í padà sẹ́yìn. Inoue ti máa ń dúró de oníbàárà; téèpù tí Inoue lù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìpinnu tí ó ti wà lọ́wọ́ eléré láti ọjọ́ pípẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ń yan orin, òun sì rèé, kì í ṣe eléré, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ìyípadà tí mo rò pé ó tóbi jù lọ nínú ìtàn karaoke nìyí, ó ju ti gbohùngbohùn lọ, ó sì ju ti àwòrán tí ó dé pẹ̀lú àwo oníná láti 1982 lọ.

Ní nǹkan bí 1985, nǹkan tún yí padà ní agbègbè Okayama. Ẹnì kan sọ àpótí irin ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù di yàrá kékeré tí ènìyàn mélòó kan lè tì mọ́rí láti kọrin láìsí pé àlejò ń gbọ́ wọn. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ kíákíá. Nínú yàrá, kì í ṣe orin kọ̀ọ̀kan ni a ń sanwó fún mọ́, bí kò ṣe àkókò. Ẹ lè rò pé èyí yóò tú orin gígùn sílẹ̀. Òdìkejì ni ó rí láàárín ẹgbẹ́. Nílé ọtí, owó ara rẹ ni o ń ná; nínú yàrá, àkókò tí gbogbo yín jọ ra ni o ń ná. Láti 1992 ni orin sì ti ń gba okùn tẹlifóònù wọ inú ẹ̀rọ láti ibi kan ṣoṣo, tí ìwé orin fi kún dé ìwọ̀n tí kò sí ẹni tí ó lè kà á tán, àti kúkúrú àti gígùn.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè yàn? Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé kí a wo iye ìṣẹ́jú, ó tán. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, orin mẹ́ta yóò sì jẹ́rìí mi.

Ẹ kọ́kọ́ wo Hey Jude, tí àwọn Beatles ṣe ní 1968. Ó lé ní ìṣẹ́jú 7. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 tí ó kẹ́yìn rẹ̀, ègbè kan náà ni ó ń padà, láìsí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ sórí. Bí ó bá dé ibẹ̀, gbogbo ilé ni yóò gbà á, ẹni tí ó wà nídìí gbohùngbohùn kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó wà nídìí ìgò. Orin náà gùn, kò sì gba ìgbà ẹnikẹ́ni, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń kọ ọ́. Ẹni tí ó mọ ohun tí lílé àti ègbè jẹ́ nínú orin Yorùbá kò ní í nílò àlàyé.

Hotel California ti àwọn Eagles, tí ó jáde nínú àwo wọn ní 1976, kúrú jù ú lọ; ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀ ni. Àmọ́ gìtá nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 tí ó kẹ́yìn. Lórí àwo, adùn orin náà wà níbẹ̀. Níbi karaoke, ibẹ̀ ni ojú ti ń ti ènìyàn. Akọrin ti parí iṣẹ́, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ, kò mọ̀ bóyá kí òun jó ni tàbí kí òun jókòó, àwọn tó kù sì ń fi ojú bá ẹni tó kàn sọ̀rọ̀. Orin fún etí ni, kì í ṣe fún ẹnu. Bí a bá fi èyí wọn Fẹlá, a ó rí i pé kì í ṣe gígùn nìkan ni kò jẹ́ kí orin rẹ̀ rọrùn fún irú ibẹ̀: ìlù àti fèrè a máa lọ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó lanu. Ẹni tí ó bá yan Zombie, tí ó lé ní ìṣẹ́jú 12, yóò kọ́kọ́ dúró lójú agbo bí ẹni tí ó gbàgbé ohun tí ó wá ṣe.

Ìkẹta ni American Pie tí Don McLean kọ ní 1971. Ìṣẹ́jú 8 àti ààbọ̀ ni. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti là á sí méjì sórí ojú méjèèjì àwo kékeré, síbẹ̀ ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù January 1972, kò sì sí orin tí ó gùn jù ú lọ tí ó dé ipò náà títí di oṣù November 2021, nígbà tí Taylor Swift gbé èyí tí ó lé ní ìṣẹ́jú 10 dé ibẹ̀. Nínú American Pie, akọrin kì í ṣòfò dúró. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú, ègbè rẹ̀ sì wà tí ilé lè gbà. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé ègbè nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Wọ́n yan orin náà nítorí ègbè, wọ́n sì bá ara wọn láàárín ẹsẹ tí wọn kò gbọ́ rí, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 5 tí ó ṣì wà níwájú. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ó lè kún ẹnu ẹni tí kò múra sílẹ̀.

Ohun tí mo ń wò, nígbà náà, ni iye ìgbà tí ẹnu fi ń ṣiṣẹ́ nínú orin, àti iye ẹnu tí ó ń bá a ṣiṣẹ́. Aago kò lè sọ èyí fún wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé ni ọ̀rọ̀ ta-ni-ó-kàn yìí. Ní ilẹ̀ Filipínì, níbi tí Roberto del Rosario ti gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ akọrin tirẹ̀ láàárín 1980 sí 1990, ìjà ti ṣẹlẹ̀ nídìí karaoke tí ẹ̀mí sì ti bọ́. Ní 2010, ìwé ìròyìn New York Times ròyìn pé ó kéré tán, ènìyàn bíi mẹ́fà ni wọ́n ti pa láàárín ọdún mẹ́wàá nídìí orin My Way nìkan, orin tí Frank Sinatra sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1969. Àwọn ilé ọtí kan tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé orin wọn. My Way kò gùn. Kò tó ìṣẹ́jú 5. Kì í ṣe gígùn rẹ̀ ni ó pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n lára àwọn ohun tí wọ́n kà sí ohun tí ń dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni fífi akọrin rẹ́rìn-ín, kíkọ orin tí ẹlòmíràn ti kọ tán, àti kíkọ̀ láti gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀, ìbọn náà sì wà níbẹ̀, òótọ́ ni; síbẹ̀ a kò gbọ́dọ̀ fojú di ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ti ń retí ìgbà tirẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ọ̀sẹ̀ kò fún un ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn ará Jàpáànù wá ọgbọ́n dá sí i láìsọ ọ́ di òfin. Ẹlòmíràn a máa kọ ẹsẹ kan àti ègbè rẹ̀, a sì tẹ bọ́tìnì tí ń dá ẹ̀rọ dúró, a gbé gbohùngbohùn fún ẹni tí ó kàn. Bí orin bá ti tán lẹ́nu, tí ó ku gìtá àti ìlù nìkan, ọ̀pọ̀ kò ní í dúró gbọ́ ọ. Àwọn orin tí ó ń ṣí eré àwòrán ọmọdé lórí amóhùnmáwòrán, èyí tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ, wà nínú ẹ̀rọ ní ìwọ̀n kúkúrú yẹn gan-an fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì yìí ni ó dá díẹ̀ padà nínú ohun tí nagashi ń ṣe nígbà kan, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kan: nagashi mọ bí a ti ń kásẹ̀ orin nílẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnì kò mọ̀ ju kí ó gé e lọ.

Ní Èkó àti ní London, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń kóra jọ fún karaoke lóde òní, orin tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ olórin ìwòyí. Ìdí kan wà fún èyí. Àwọn tí ń tà orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ka orin sí èyí tí a gbọ́ bí ó bá ti lọ tó ìṣẹ́jú àáyá 30, nítorí náà ẹni tí ó ṣe orin gígùn kò gba owó ju ẹni tí ó ṣe kúkúrú lọ. Love Nwantiti tí CKay gbé jáde ní 2019, tí ó kárí ayé, kò pé ìṣẹ́jú 3. A ti padà sí ìwọ̀n àwo 1901, láìsí àwo. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Obey láàárín irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú àwo tí ó tó ìṣẹ́jú 18 ni yóò bá níwájú rẹ̀, yóò sì ní láti kọ́kọ́ pinnu apá tí yóò mú àti apá tí yóò fi sílẹ̀. Nígbà kan rí, Obey a máa ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lóde àríyá, lórí ìdúró, ojú rẹ̀ a sì wà lára àwọn tí ń jó.